Àga Adúródè

Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó tó bàbá mi í bí. Ẹ má fura sí mi o. Kì í ṣe òun gan-an ló wù mí, àga rẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn orin jáàsì tí kò mọ ìtàn àga náà. Wọ́n ní nígbà tí àgbà onífèrè yìí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń fọn fèrè idẹ rẹ̀ nílé ìgbafẹ́ kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, obìnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí àga létí ìtàgé. Ẹwà obìnrin náà, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dìde láàárín orin, ó sọ sí onífèrè létí pé, "Bá mi di àga mi mú, mò ń bọ̀." Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di àwátì. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí onífèrè bá ti fẹ́ ṣeré, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àga òfìfo sétí ìtàgé, kí wọ́n fi òdòdó pupa lé e. Àga yẹn ni yóò kọjú sí, òun ni yóò máa fọn fèrè sí, tí yóò máa wò bí ẹni pé ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Àwọn èrò ìwòran, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ojú rẹ̀ gan-an, àga ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Adúródè.

Ẹ jọ̀ọ́, ìfẹ́ wo ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn? Èmi tí mo ti ka gbogbo ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ìdúrókọ̀ tán, tí mo ń fi ìwé ìṣirò bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní kíláàsì títí ìṣirò fi kọ̀ mí sílẹ̀ pátápátá, mo mọ ìfẹ́ tòótọ́ tí mo bá rí i. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí gbọ̀ngàn orin, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé pélébé tí à ń pín lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì máa gun orí ìtàgé lọ kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Mo kọ ìtàn àga náà tayọ̀tayọ̀. Mo fi òjò kún un. Kò sí òjò nínú èyí tí wọ́n sọ fún mi, àmọ́ lójú tèmi, ó yẹ kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí obìnrin bẹ́ẹ̀ bá lọ.

Àga yẹn náà ni kò jẹ́ kí n tíì dá oníná lóhùn. Oníná ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń tan iná ìtàgé nílé iṣẹ́ wa, ọmọ jẹ́jẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí àkàbà ṣe ilé. Ìyàwó Ìwé ló máa ń pè mí, nítorí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí wọ́n ti ń tẹ iná, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ní òun ti rí ilé kan, yàrá méjì àti pálọ̀, òrùlé rẹ̀ kò jò, bóyá a lè fẹ́ra ká jọ máa gbé e. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Òrùlé. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, mi ò rí ibi tí ọkùnrin ti fi òrùlé kọ ẹnu sí ọmọbìnrin rí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ó ní kò burú, ló bá gun àkàbà rẹ̀ padà, ó lọ pààrọ̀ gílóòbù.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni Adúródè ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fọn fèrè ìkẹyìn ní gbọ̀ngàn wa. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ó ní eyín òun kò gba fèrè mọ́. Inú ọ̀gá wa dùn débi pé ó ń kọrin nínú ọ́fíìsì. Akíkanjú obìnrin kan ni, bírò kì í kúrò létí rẹ̀, ó sì mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Kò fi fọ́tò Adúródè sára pátákó tí a gbé síta. Fọ́tò àga ló fi síbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó lórí rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìdánrawò, mo wọ gbọ̀ngàn láti wo bóyá àga ti wà ní àyè rẹ̀. Àga wà. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí rẹ̀. Ó gbé òdòdó náà sórí itan, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tó bá ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ ni. Mo sáré bá a, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kí ìyá má bínú, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé. Ni mo bá kó gbogbo ìtàn náà kalẹ̀ fún un: ibùdókọ̀ ojú irin, arẹwà obìnrin, òjò. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú míì.

"Òjò náà pọ̀?" ó bi mí.

"Ó pọ̀ gan-an, mà."

"Hẹn-ẹ̀n. Mi ò rántí òjò."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó rọra dìde, ó dá òdòdó padà sórí àga, ó tún un tò kó lè dúró dáadáa. Bí mo ṣe ń ronú lórí ọ̀rọ̀ tó sọ ni Adúródè fúnra rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn aṣọ títa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó gbé àpótí fèrè dání, ó ń ṣẹ́jú wò wá nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ta ló tún lé ọ dìde?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ìyá arúgbó míì wà níbẹ̀ tó lè gbà mí sílẹ̀. Kò sí. Ìyàwó. Ọkùnrin tó ń dúró de olólùfẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá mi, ó níyàwó, mo sì ti lé ìyàwó náà dìde lórí àga.

Nínú yàrá ìmúra ni wọ́n ti là mí lóye. Ìyá ń rán bọ́tìnì sára kóòtù ọkọ rẹ̀, Bàbá ń mu omi gbígbóná kí ètè rẹ̀ lè rọ̀. Ó hàn pé wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí pé bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èkejì ni yóò parí rẹ̀. Wọ́n ní ilé ìgbafẹ́ náà wà lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin náà wà. Ohun tí kò sí ni obìnrin. Ìtàgé ilé ìgbafẹ́ ọ̀hún, pákó rẹ̀ ti jẹrà níbì kan létí. Onífèrè wa ní tirẹ̀, rírìn ló máa ń rìn tó bá ń fọn fèrè, kò sì gbà láti lo awò ojú lórí ìtàgé nítorí fáàrí ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ kan ó rìn wọnú ihò náà títí dé itan. Orin kò dúró, onílù rò pé ijó ló ń jó.

Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ló gbé àga kan wá láti ilé ìdáná, tó fi bo ihò náà. Nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò ní rí àga nínú òkùnkùn, ó so àkísà pupa mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ wá ń dúró lẹ́yìn aṣọ títa, aṣọ ìnura lọ́wọ́, ó ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má gbé àga kúrò.

"Ó wá ń wo àga náà," Ìyá ní, "bí èèyàn ṣe ń wo ajá tó ti gé e jẹ rí."

Wíwò yẹn ni onífọ́tò kan yà. Ẹni tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rí fọ́tò náà, kò bi ẹnì kankan léèrè, ó tẹ̀ ẹ́ sára àwo orin, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ń dúró dè é." Àwo náà tà wàràwàrà. Ó wá bẹ Bàbá pé kó rọra fi ìyàwó pamọ́ ná, torí àwọn obìnrin kì í sunkún nítorí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é nílé. Nígbà tí wọ́n tún ìtàgé ṣe tí wọ́n gbé àga kúrò, àwọn èrò fárígá, wọ́n ní àwọn kò sanwó láti wo ìtàgé lásán. Àga padà. Bí orúkọ Bàbá ṣe ń ga, àkísà pupa di ríbọ́ọ̀nù, ríbọ́ọ̀nù di òdòdó.

Mo bi Bàbá léèrè ìdí tí kò fi sọ òótọ́ síta. Ó ní òun sọ ọ́. Òun sọ fún akọ̀ròyìn kan pé ihò ló wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn náà sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Adúródè ń fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́lẹ̀. Òun tún sọ fún òmíràn, ìyẹn kọ ọ́ pé ihò tó wà nínú ọkàn àgbà olórin náà kò ní dí láéláé.

"Kí ni kí n tún sọ?" ó bi mí. "Mo gbìyànjú kí n kọjú síbòmíràn. Ẹsẹ̀ mi kò gbà. Títí di òní, ẹsẹ̀ mi kò gbà pé wọ́n ti tún pákó yẹn ṣe."

Mo yíjú sí Ìyá, mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn ún díẹ̀. Òun mọ̀ pé kò sí obìnrin kankan, síbẹ̀ òun ń jowú rẹ̀.

"Obìnrin tí kò sí kì í darúgbó," ó ní. "Kì í sanra, orúnkún kì í dùn ún. Báwo lo ṣe fẹ́ bá a du ọkọ?"

Ó wá sọ ohun tó gbé e dé orí àga lọ́sàn-án yẹn. Ó ní òun ti rí Bàbá nígbà tó ń jẹun, nígbà tó ń hanrun, nígbà àìsàn, nígbà tó ń wá awò tó wà lójú rẹ̀. Àmọ́ ojú tó máa ń ṣe tó bá ń fọn fèrè, òun kò rí i rí. Ìpàkọ́ rẹ̀ lòun ń rí láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Nílé ńkọ́? Nílé, balùwẹ̀ ló ti ń dánra wò nítorí àwọn aládùúgbò, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Tóun bá ní kó fọn ọ́n lójú òun, ẹ̀rín ni yóò máa rín, fèrè kì í sì í gba ẹ̀rín.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí kò lè fẹnu sọ, ojú yẹn ló wà, àga nìkan ló sì ń rí i. Ó ń fẹ̀yìn tì. Bí mi ò bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ eré, mi ò ní rí i mọ́ láyé."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá wa lọ. Mo rò pé yóò sunkún. Ó mú bírò kúrò létí, ó ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, kí n má wá ba ọjà òun jẹ́. Ó ní àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wo àga òfìfo. Àga tí èèyàn jókòó sí, wọ́n ní i nílé. Ó bá Ìyá kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó ní wọ́n á fún un ní àga ńlá níwájú àwọn èrò, pẹ̀lú ìrọ̀rí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ni wọ́n ń rí níwájú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú náà, ojú ni.

"Ka ohun tí o kọ bí o ṣe kọ ọ́," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá fi jókòó sórí àga yẹn, ìwọ náà lọ wá àga jókòó sí nílé yín."

Mo mú Ìyá sọ̀kalẹ̀ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó di apá mi mú. Àtẹ̀gùn ọ̀hún dúdú, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ti ya létí. Ìyá dúró lórí rẹ̀, ó ń wo ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kùn ún.

"Ta ló kùn ún?"

Mo ní oníná ni.

"Ta ló ṣubú níbẹ̀?"

Mo ní èmi ni, lọ́jọ́ kan, ìwé ni mò ń kà bọ̀.

"Hùn," ni Ìyá wí, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ká sòótọ́, Ìyá ló ń bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀gá. Ó ti gba arẹwà mi lọ́wọ́ mi, ó fi àga ilé ìdáná rọ́pò rẹ̀. Mo dé ilé, mo ṣí ìwé ìfẹ́ tuntun kan. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ń fẹnu ko ìka ọwọ́ ọmọbìnrin kan lábẹ́ òṣùpá, kò sì wọ̀ mí lára rárá. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé bóyá pákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lágbára. Mo pa ìwé dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ta ló dúró? Bàbá ń fọn fèrè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Arẹwà kò tilẹ̀ sí láyé. Ẹni tó dúró ni èyí tó wà lẹ́yìn aṣọ títa pẹ̀lú aṣọ ìnura, láti ìgbà èwe títí orúnkún fi ń dùn ún. Orúkọ tí wọ́n fún ọkọ, ìyàwó ló ń jẹ́ ẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eré, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Mo wà lẹ́yìn aṣọ títa, mo di ìwé tí mo kọ mú pẹ̀lú gbogbo òjò inú rẹ̀. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tó ti ń dúró látọjọ́, ó fara ti ògiri, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ní kí n tètè lọ, àwọn èèyàn ń dúró dè mí. Lódìkejì ìtàgé, ọ̀gá wa tẹjú mọ́ mi bí ológbò.

Mo jáde. Àga wà níbẹ̀, òdòdó wà lórí rẹ̀, iná oníná ń tàn sí i bí ẹni pé ọba ló fẹ́ jókòó. Mo kí àwọn èèyàn. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo sì ká a.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," mo ní, "àga yìí kì í ṣe ti obìnrin tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn fún mi lókun. Mo sọ ti pákó tó jẹrà, mo sọ ti awò tí Adúródè kò fẹ́ lò, mo sọ ti onílù tó rò pé ijó ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin kan níwájú fi ń nu ojú. Mo rò nínú ara mi pé òótọ́ ti ń wọlé.

"Ẹni tó gbé àga bo ihò náà kí ọkọ rẹ̀ má bàa ṣubú, ó ti ń dúró lẹ́yìn aṣọ yìí láti ìgbà náà. Lónìí, yóò jókòó."

Ìyá jáde. Ó gbàgbé láti mú aṣọ ìnura kúrò léjìká. Ó rìn díẹ̀díẹ̀, ó mú òdòdó, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí, ló bá gbé e sórí itan, ó jókòó. Lókè lọ́hùn-ún lẹ́yìn, ohùn obìnrin kan gbọ̀n jáde pé, "Ó ti padà dé."

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ra, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ti bú sẹ́kún. Mo ń pariwo sínú gbohùngbohùn pé kò lọ síbì kankan, pé ẹ̀yìn aṣọ títa ló wà, pé ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹyọ ẹnì kan kò gbọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé iṣẹ́ wa ti fẹ́ já sófo. Iná àga náà, iná tí a ṣe fún àga òfìfo ni. Ojú Ìyá ló ń tàn sí tààrà. Ó fọwọ́ bo iwájú orí, ó ń ṣẹ́jú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Bàbá sì ti ń jáde bọ̀ pẹ̀lú fèrè. Mo gbójú sókè sí ibi àkàbà, mo fẹ́ juwọ́.

Kò sídìí láti juwọ́. Iná orí àga ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kú. Iná kejì rìn kọjá lórí pákó, ó kọjá lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ dúró sójú Bàbá láti iwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fàtùpà wo ọmọ tó ń sùn. Kò sẹ́ni tó rán oníná níṣẹ́. Ó ti ń wo ibi tí Ìyá ń wò.

Bàbá rìn wá, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí, létí ihò tí kò sí mọ́. Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i. Ó fọn fèrè.

Orin yẹn, mi ò ní ohun tí mo lè fi kún un. Òjò kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo bá wọn nínú yàrá ìmúra. Ìyá ń nu ètè ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo bi í pé kí ló rí. Ó ronú díẹ̀.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́," ó ní. "Ojú rẹ̀ yọ síta, imú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kẹ́tùlù. Ojú tí àwọn obìnrin ń tìtorí rẹ̀ dákú rèé? Ká ní mo ti tètè rí i ni, mi ò bá má wulẹ̀ jowú."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ètè rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, Ìyá kò sì tíì gbé aṣọ ìnura kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e pé arẹwà inú ọkọ̀ ojú irin ti padà dé. Ọ̀kan ní òkè òkun ló wà. Òmíràn ní olówó kan ló fẹ́, tó wá ronú pìwà dà. Àwọn aládùúgbò tó ti ń bá Ìyá pín okùn ìsáṣọ láti ọdún gbọọrọ wá ń bi í níbi tó lọ. Ó ní òun lọ ra iyọ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ní gbọ̀ngàn tiwa, òótọ́ bá irọ́ lóòótọ́, wọ́n kíra, wọ́n sì jọ ń lọ.

Ọ̀gá wa kò lé mi. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ti fẹ́ kí Ìyá máa wá jókòó lóṣooṣù, Ìyá sì ránṣẹ́ pé ó ṣeun, òun ti rí ohun tí òun fẹ́ rí. Mo tún ìwé pélébé kọ, mo fi ihò àti àkísà pupa sí i, mo yọ òjò kúrò. Àwọn èèyàn ń kà á tán pátá, wọ́n á wá bi mí pé ọkọ̀ ojú irin wo ni obìnrin náà wọ̀.

Oníná wà níbi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn nígbà tí mo lọ bá a, ó ń pa iná, ó ń ká wáyà.

"Ìyàwó Ìwé," ó ní, "ojú ìwé mélòó la dé lónìí?"

Mo ní kó jẹ́ ká fi ti ìwé sílẹ̀ ná. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn tó ní ọ̀dà funfun, nítorí pé mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Òrùlé ilé yẹn," mo bi í, "ṣé lóòótọ́ ni kò jò?"

Ó ká wáyà dé ìparí, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ó ń jò níbì kan," ó ní. "Lápá fèrèsé. Mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀."

Mo ní ó dáa, kó mú mi lọ wò ó.